Àtẹ̀gùn Kejì

Ọkùnrin náà di ojú pa, ó fi ọwọ́ òsì ra ògiri mú, ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọ odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Ètè rẹ̀ ń mì. "Ogún... mọ́kànlélógún... méjìlélógún..."

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní àjà kẹta ilé náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ó kéré, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó gbá ìdì aṣọ mọ́ àyà, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ bíi ti ìgbà gbogbo, torí ọmọbìnrin náà kò mọ bí wọ́n ti ń rìn jẹ́jẹ́. Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Ó sọ ìdì aṣọ kalẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ta ló jẹ́ kí ẹ dá gun irú àtẹ̀gùn yìí? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ."

Ọkùnrin náà la ojú. Ojú méjèèjì mọ́ gaara.

"Ẹ ṣé," ló wí, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Mo ríran. Panápaná ni mí. Bí èéfín bá kún ibí yìí, báyìí ni gbogbo yín ṣe máa táràrà jáde. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ yín tó."

Ìtìjú bo Abẹ́rẹ́, inú tún bí i. "Ẹ ríran, ẹ wá jẹ́ kí n máa fà yín bí àgùntàn?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ fà mí. Èmi ò kúkú ní kí ẹ fi mí sílẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Àtẹ̀gùn míì ńkọ́?"

"Èyí nìkan ni."

"Tí iná bá wá bẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ bojú wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Ọdún méje ló ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn, kò sì sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Panápaná ṣàlàyé fún un pé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kan, ẹni mẹ́sàn-án, láti tún òfin ààbò iná yẹ̀ wò, torí èyí tó wà nílẹ̀ ti gbó. Wọn kò ní agbára àtiṣòfin, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gbani, àmọ́ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni ìjọba máa ń tẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ayàwòrán-ilé wà níbẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé wà níbẹ̀, àwọn onílé náà wà. Ẹni tó ń jókòó sí àjà kẹta látàárọ̀ dalẹ́ ni kò sí.

Kí oṣù tó pé, àwọn aránṣọ ti rán Abẹ́rẹ́ lọ gba àga kẹsàn-án tó ṣì ṣófo.

Ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, ó wọlé, ó sì bá bàbá rẹ̀ lórí àga níwájú rẹ̀ gan-an. Bàbá náà ló ni ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ, òun sì ni aṣojú àwọn onílé.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà wá ṣe, Bàámi."

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Panápaná nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé ọmọ onílé ni yín."

"Ẹ ò bi mí."

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n lè fi ìdajì ọjọ́ jiyàn lórí ìbú ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ á sọ bí àpò aṣọ ṣe ń dí ọ̀nà, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe sún mọ́ra tó, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, òun àti Panápaná á jọ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ọkọ̀ á dé, ọkọ̀ á lọ, wọn ò ní wọ̀ ọ́. "Ẹ" ti di "o" láàárín wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀.

"Láti ìpàdé kan sí èkejì, ara mi kì í balẹ̀," ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

"Nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn kọ́, Abẹ́rẹ́ mi."

Lọ́jọ́ yẹn, Abẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó jìnnà kó tó mọ̀.

Bàbá rẹ̀ rí wọn. Kò pariwo, èyí ló sì burú jù. "Ìbò rẹ ni ọkùnrin yẹn ń wá, kì í ṣe ìwọ. Ẹni tó fẹ́ dá ilé bàbá rẹ lu ni ó tún fẹ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Lẹ́nu iṣẹ́, ó gán apá aṣọ sódì, ó tú u, ó tún gán an sódì. Ó ń dìde, ó ń jókòó, bí adìẹ tó fẹ́ yé. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó lọ bá Panápaná ní àgọ́ àwọn panápaná, níbi tó ti ń sá rọ́bà omi sóòrùn.

"Ṣé nítorí ìbò mi ni?"

Ọkùnrin náà fi rọ́bà náà sílẹ̀. "Ohun tí mo bá sọ níbí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Jẹ́ kó di ọjọ́ ìpàdé."

Abala àtẹ̀gùn kejì ló kàn lọ́jọ́ náà: pé ilé tó bá ti ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde méjì. Gbogbo wọn mọ ìdí tí Panápaná fi ń jà fún un. Ó ti gbé èèyàn mẹ́ta jáde rí nínú ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan péré, kò sì sí èyí tó mí nínú wọn. Kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, ó dìde.

"Alága, mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wa, a sì jọ fẹ́ dìbò bákan náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé tìtorí ìbò ni mo ṣe ń fẹ́ ẹ. Mo yọ ìbò tèmi kúrò."

Alága, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ọdún mélòó lo ti ń lé abala yìí?"

"Mẹ́fà, mà."

Wọ́n dìbò. Mẹ́rin fara mọ́ ọn, mẹ́rin kọ̀. Alága sún un sí ọ̀sẹ̀ kan: bí kò bá yí padà, abala náà ti ṣubú.

Níta, Abẹ́rẹ́ kọjú sí i. "Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? Ogójì èèyàn ló wà lókè yẹn!"

"O bi mí ní ìbéèrè. Mo dá ọ lóhùn." "Mi ò mọ ọ̀nà míì."

Abẹ́rẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàámi, ẹ wá wo ilé yín." Ó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi tẹ̀ lé e. Lókè, ogójì aránṣọ ti fi aṣọ di ojú. Wọ́n di ojú bàbá náà. Abẹ́rẹ́ ní òun á fọn fèrè, bí fèrè bá dún, kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ bí ìgbà tí iná ń lé wọn.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àjà kìíní, ẹ̀rín ti tán. Bàbá ló wà níwájú. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ náà, inú ló ń ṣí sí. Ó ń fà á, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì í mọ́ ọn. "Ẹ sún sẹ́yìn!" Ta ló fẹ́ gbọ́? Aránṣọ kan tó lóyún ké pé, "Bàbá, ẹ ṣí i o!" Àyà bàbá lẹ̀ mọ́ pákó. Abẹ́rẹ́ fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n, kí wọ́n tó yà fún un.

Nígbà tí wọ́n tú ojú rẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, òógùn bò ó.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Oṣù márùn-ún ni mo ti ń sọ ọ́, Bàámi. Etí onílé lẹ fi ń gbọ́ ọ."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, bàbá kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n tún abala náà kọ. Gbogbo ilẹ̀kùn àbájáde gbọ́dọ̀ máa ṣí síta láàárín oṣù mẹ́ta. Ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní àtẹ̀gùn méjì láti ìpìlẹ̀. "Èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ má wó o fún wa. Ẹ fún wa lọ́dún méjì, a ó so àtẹ̀gùn onírin mọ́ ọn lára níta." Àwọn ayàwòrán-ilé wo ara wọn: àbá náà sàn ju tiwọn lọ. Ìbò méje gbà á, ẹyọ kan kọ̀ ọ́. Kí ọdún tó parí, ìjọba ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bàbá dá Panápaná dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "Òfin rẹ ti wọlé. Kí lo tún ń wá?"

"Ọmọ yín, sà."

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Mú ẹni tó bí ọ wá."

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni Panápaná àti ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n jókòó, wọ́n kí ara wọn. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Abẹ́rẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ẹ?" ni fóònù dún. Panápaná gbọ́ ọ, ó dìde. Ilé búrẹ́dì kan ń jó. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó jáde.

Abẹ́rẹ́ ń lọ sójú fèrèsé, ó ń bọ̀. Ó to ife, ó tún un tò. Wákàtí kan, wákàtí méjì.

"Jókòó, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń rìn bẹ́ẹ̀ yẹn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, kì í mọ́ni lára. Tí o bá ní o ò lè ṣe é, mi ò ní bínú."

Bàbá náà ti dìde dúró sójú fèrèsé.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Eérú wà lójú Panápaná, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì. Ó ní gbogbo wọn jáde. Iná bọ́ ọkùnrin kan lápá, yóò yè é. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ kí bàtà òun ba ilẹ̀ jẹ́.

"Ẹ má bínú. Màmá mi ti bi ọ́ ní nǹkan kí n tó lọ."

Abẹ́rẹ́ bu omi sínú àwo, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ká ní wọn ò pè ọ́ lọ kí n tó fèsì," ló wí, "ǹ bá ti dáhùn lórí ohun tí mi ò mọ̀. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí." Ó gbójú sókè wo ìyá náà. "Mo fẹ́ ẹ, mà."