Ọmọ Tí Kò Ké, Ọkàn Rẹ̀ Ṣì Lè Máa Lù

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó ní àgbàlá Ìyá Ẹfúnwùmí ní Massè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màríámù, obìnrin ilé kejì, ń dá wọn lẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ nìkan, ìyàwó Akínbáyọ̀ ọmọ Ẹfúnwùmí, ni kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló ń fi eyín mú ètè.

Ìrọbí ti mú un láti ìdájí, kò sì wí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé bí ẹnu bá ti pọ̀ lórí ìrọbí, ọmọ máa ń pẹ́ jáde. Nígbà tó fi máa ju ọ̀bẹ sílẹ̀, tó ní, "Ìyá, ẹ gbà mí," kò sí àyè à ń lọ sí ilé ìgbẹ̀bí mọ́.

Ẹfúnwùmí ló gba ọmọ náà. Ọkùnrin ni. Ìwọ́ ti wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tú u kíákíá, ṣùgbọ́n ọmọ rọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí aṣọ tí omi rẹ. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Kò ké.

"Omi tútù!" Màríámù ti gbé korobá. "Ẹ jẹ́ n dà á sí i lára! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Hàkímù ọmọ mi!"

Akínbáyọ̀ ti ń pe Tàtá Rosine, àǹtí agbẹ̀bí ilé ìgbẹ̀bí, lórí fóònù. "Tàtá, ọmọ dé, kò ké! Ó ti kú!"

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kú? Gbé fóònù sún mọ́ ẹni tó gbé e dání. Ìyá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi òmíràn bò ó. Ẹ máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn."

"Màríámù ní ká da omi tútù sí i," ni Ẹfúnwùmí wí.

"Kó fi omi náà fọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀! Òtútù ń pa ọmọ tuntun."

Màríámù gbé korobá sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ìyá, ẹ fi ìka méjì mú ìwọ́ rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ikùn. Ṣé nǹkan ń lù níbẹ̀?"

Ẹfúnwùmí mú un. "Ó ń lù," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń lù."

"Ọkàn rẹ̀ nìyẹn! Ọmọ kò kú, èémí ló ń wá. Ẹ tẹ́ ẹ kó kọjú sókè, kí ọrùn rẹ̀ má tẹ̀. Ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nìkan sí i. Kì í ṣe bí ẹni ń fẹ́ iná o! Ẹ wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń gbé sókè. Mo ti gun alùpùpù, mò ń bọ̀."

Ẹfúnwùmí fẹ́ ẹ. Àyà kékeré náà gbé sókè. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún fẹ́ ẹ. Lílù abẹ́ ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Lójijì ọmọ sín, ó fajú ro, ó sì fi igbe ta bí ọmọ ewúrẹ́.

Àdùkẹ́ bú sẹ́kún. Wọ́n gbé ọmọ lé e láyà, wọ́n fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Wọn kò gé ìwọ́ títí Rosine fi dé pẹ̀lú abẹ tó mọ́.

Ní ọ̀sán, ní ilé ìgbẹ̀bí tí Rosine kó wọn lọ, ọmọ ti ń mu ọmú, ṣùgbọ́n ara Ẹfúnwùmí kò tíì balẹ̀.

"Tàtá, ìwọ́ fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà kọjá dáadáa. Ṣé ọkàn rẹ̀ kò ti bàjẹ́? Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dí nínú ọkàn bàbá Akínbáyọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a."

"Ọkàn àgbà nìyẹn, Ìyá. Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ikùn tí atẹ́gùn kò ti pọ̀ ló ti dàgbà, díẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dí fún ìgbà díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dẹwọ́ lílù, á máa jẹ nínú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sára. Bó bá sì fara pa díẹ̀, ó máa ń tètè sàn ju tiwa lọ."

"Bí àgbẹ̀ tó tọ́jú àgbàdo de ọ̀gbẹlẹ̀!" ni Màríámù wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n àgbàdo inú àká ń tán o! Ọpọlọ ọmọ kò sì ní irú sùúrù tí ọkàn rẹ̀ ní. Nítorí náà la ò ṣe gbọ́dọ̀ jókòó máa wò ó. A óò ṣọ́ ọmọ yìí níbí, a óò máa gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ má sì tún da omi tútù sí ọmọ tuntun lára."

"Abájọ! Títí dòní ni Hàkímù ń sá fún omi ìwẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ẹfúnwùmí wolẹ̀. "Èyí tí mo bí ṣáájú Akínbáyọ̀ kò ké. Aṣọ òkú ni wọ́n fi dì í. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwọ́ rẹ̀."

Rosine di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹnikẹ́ni kò kọ́ yín nígbà náà, Ìyá. Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ẹ̀yin ará Massè, Ikpinlè, Kpoulou àti gbogbo ilẹ̀ Adja-Ouèrè, ẹ má fi ìrọbí pamọ́. Bó bá ti mú yín, ẹ sọ, ẹ sì gba ilé ìgbẹ̀bí lọ. Bí ọmọ bá wá jàjà já sí yín lọ́wọ́ nílé, tí kò ké, ẹ má gbá a, ẹ má dojú rẹ̀ kodò, ẹ má sì yára wá aṣọ òkú. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ jẹ́ kó móoru, ẹ rọra fẹ́ èémí sí i, kí ẹlòmíràn máa pe agbẹ̀bí. Bó tilẹ̀ ké nígbẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkàn ọmọ tuntun le, ó lè dúró dè wá. Ẹ má jẹ́ ká pẹ́ títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́.