Ohùn Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Ìjà ni wọ́n fi mọ ara wọn. Nínú gbọ̀ngàn àwọn awakọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń gbèrò bí wọn yóò ṣe lé ìjọba tó ń ni wọ́n lára lọ, awakọ̀ kan dìde, ó nàka sí ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ lórí fóònù.

"Ìwọ yìí, o rò pé fóònù ló ń lé ìjọba?"

"Àbí ìpàdé yín tí kì í parí ni?" ọmọbìnrin náà fèsì. "Kí ẹ tó fẹnu kò, màá ti kó gbogbo ìlú jáde."

"Wàá kó wọn jáde. Ta ni yóò mú wọn dúró?"

Báyìí ni wọ́n ń ta ko ara wọn títí ìfẹ́ fi yọ́ wọ àárín wọn. Awakọ̀ a máa pè é ní "Ẹlẹ́nu-bí-abẹ mi." Òun náà a ní, "Olóríkunkun mi, ó yá, sìn mí lọ."

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà yarí. "Ọlọ́pàá ni bàbá rẹ. Ẹni tí òun ń lé kiri lo fẹ́ fẹ́? Má mú un wọ ilé mi!"

Ìyanṣẹ́lódì ti mú ìlú nígbà tí ohùn kan dé sórí fóònù ọmọbìnrin náà. Ohùn awakọ̀ ni, ketekete, tó ń ṣèlérí fún ìjọba pé òun yóò dá àwọn èèyàn òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú bí i débi pé kò tilẹ̀ pè é. Ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́.

Àṣé ẹ̀rọ tó ń sín ohùn èèyàn jẹ ni àwọn èèyàn ìjọba fi ṣe é. Kí òtítọ́ tó jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ awakọ̀ ti lù ú lálùbami, wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá. Ẹgbẹ́ fọ́ yángá, ìjọba ò sì mira.

Ọmọbìnrin náà wá a lọ sílé ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà tó jẹ́ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n dínà mọ́ ọn.

"Kí lo tún gbàgbé síbí?"

"Ẹ jẹ́ kó wọlé," awakọ̀ pè láti inú yàrá.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. "Olólùfẹ́ mi, wọ́n tàn mí ni. Ohùn rẹ ni mo gbọ́."

"Ti ìjọba ò dùn mí, ọ̀tá mi ni wọ́n. Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò pè mí?"

Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. "Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ," awakọ̀ dáhùn, ó kọjú sí ògiri. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ rí ọ mọ́. Máa lọ."

Ọmọbìnrin náà dìde. Ẹ̀gbọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é.