Ẹsẹ̀ Ta Ló Máa Tẹ Ẹ̀rọ Náà?

Iṣẹ́ ìkéde ni Ohùn-Agogo ń ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin. Bó bá kéde pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ẹni tó ń sùn lórí àga á ta jí, ẹni tó ń jẹun á gbé oúnjẹ dání sáré. Ohùn yẹn ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ kó tó rí ojú ẹni tó ni ín.

Ìgbà tó yá, etí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkùnrin náà. Ó ń kán oògùn sí etí ṣáá, ìrora kò lọ.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ìgbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ mì gan-an ló máa ń dùn yín jù. Ṣé etí lẹ fi ń jẹun ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọ̀fun, obìnrin kúkurú kan tó yá mọ́ èèyàn, fi iná wo ẹnu rẹ̀. Kókó kan wà nídìí ahọ́n. Wọ́n gé bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì dé: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré.

Ìyá Aránṣọ jókòó gbì. "Ṣé ẹ máa la àgbọ̀n rẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Ẹnu la máa gbà yọ ọ́. Róbọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ kan tó ní apá, ló máa bá wa ṣe é. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ wa ò lè dé."

Róbọ́ọ̀tì kẹ̀! Ìyá Aránṣọ dìde fùú, ó na ìka rẹ̀ tí àpá wà lára rẹ̀ sókè. "Dókítà, ẹ wo ìka yìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ló rán an mọ́ aṣọ oníbàárà. Mo kàn yíjú báyìí ni o! Ẹ̀rọ ò mọ ẹran yàtọ̀ sí aṣọ. Ẹ ò ní fi ọ̀fun ọkọ mi lé e lọ́wọ́."

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó mú wọn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ ká apá mọ́ra. Lápá kan, àga wà níwájú ibi ìwòran, ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ta ló máa wà níbí?"

"Tèmi ni, mà." Dókítà jókòó, ó gbójú sí ibi ìwòran, ó yí ọwọ́. Apá ẹ̀rọ náà yí bákan náà. Ó gbójú kúrò, apá sì dúró gbagidi. "Kò lè dá nǹkan kan ṣe. Bí mi ò bá wò ó, kò ní mira."

"Ẹ tún gbójú kúrò."

Dókítà gbójú kúrò, ẹ̀rọ ò mira.

"Ẹ tún un ṣe." Kò mira síbẹ̀. Ìyá Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi ò lẹ́kọ̀ọ́ tó báyẹn."

Ọkọ rẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ohùn mi ńkọ́?"

"Mi ò ní tàn yín, bàbá. Ọ̀fun á dùn yín, ẹ sì máa tún kọ́ bí a ṣe ń gbé nǹkan mì. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àpótí ohùn wà, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ dúró láàárín èrò, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn náà kọ́kọ́ há díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tú jáde: "Ẹ wọlé o! Ọkọ̀ ti ń lọ o!"

Inú Ìyá Aránṣọ dùn débi pé òun tí kò lọ síbì kankan gbá àpò mú, ó sáré wọkọ̀!

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ọ̀fun bá ń dùn yín ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, bí etí kan bá ń dùn yín tí ẹ bá ń gbé nǹkan mì, bí kókó bá yọ lọ́rùn tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú itọ́, ẹ má ṣe dá ara yín tọ́jú. Ẹ tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni iṣẹ́ abẹ oníróbọ́ọ̀tì yẹ, dókítà ló máa sọ èyí tó yẹ yín. Bí wọ́n bá sì dárúkọ ẹ̀rọ, ẹ má sá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí Ìyá Aránṣọ, kí ẹ béèrè ẹsẹ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́.