Bí Ọkọ̀ Bá Kú Sórí Gẹ̀rẹ́

Òòrùn ò tíì mú nígbà tí jíìpù mẹ́ta dúró lẹ́sẹ̀ òkè pupa kan ní aṣálẹ̀ Yútà nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn awakọ̀ ti tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà kí táyà lè di òkúta mú. Ardith, ìyá àgbà tó ń ṣáájú wọn, ló kọ́kọ́ gùn ún. Ó dókè tán, ó bọ́ sílẹ̀ láti máa fọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn tó kù.

Ó kan Lamar. Noreen ìyàwó rẹ̀ jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀. Ọkọ̀ ń gun òkúta bí ẹni ń gun àkàbà. Ó ku díẹ̀ kó dókè, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Ẹ́ńjìnnì kú.

Lamar tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ló ń rí níwájú.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó bá fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ ni yóò se ẹ̀wà fún gbogbo wọn lálẹ́. Wọn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Truett àbúrò rẹ̀ pariwo láti ìsàlẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n ti rẹ ẹ̀wà sómi?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Lamar kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Màá yí i padà níbí. Àyè wà."

"Àyè wo? Ọ̀gbun ni mò ń wò yìí o!"

Lamar ti yí ọwọ́ ọkọ̀. Ó dẹ bíréèkì díẹ̀. Ìdí ọkọ̀ yà sósì, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ tì, táyà òsì kan sì kúrò nílẹ̀. Noreen ṣubú lu ilẹ̀kùn. Bẹ́líìtì ló gbá a mú.

"Dúró!" Ardith na ọwọ́ sókè. "Ẹ má bọ́ sílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ ẹ ṣì wà lórí bíréèkì?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

"Tan ẹ́ńjìnnì. Fi sí gíà ẹ̀yìn, èyí tó lọ́ra jù. Yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún kí ìdí ẹ̀ lè kọjú sísàlẹ̀."

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Mà."

"Òkú kì í gbọ́ yẹ̀yẹ́, ọmọ mi. Ó yá."

Ọkọ̀ rọra sún. Táyà kanlẹ̀. Ardith ń júwe, Lamar ń ṣe bó ṣe wí, títí ọkọ̀ fi balẹ̀ sísàlẹ̀.

Noreen bọ́ sílẹ̀, ó jókòó lórí òkúta.

"Bó o bá tún fẹ́ yí i padà lórí òkè," ó ní, "kọ́kọ́ jẹ́ kí n bọ́ọ́lẹ̀."

Lamar lọ rẹ ẹ̀wà sómi. Truett bá a gbé ìkòkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ gun òkúta, bí ọkọ̀ bá kú sórí gẹ̀rẹ́, ẹ má yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ ń gbà dojú dé. Ẹ má yọ gíà kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Gíà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbọọrọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ de bẹ́líìtì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa júwe. Ẹ̀yin tí ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ má fi ìtìjú ti ẹlòmíràn sínú ọ̀gbun.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún lọ́jọ́ mìíràn. Òkè ò ní ṣí kúrò níbẹ̀.