Ojú Ọ̀bẹ àbí Eyín Eku

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ́kọ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ eegun àtijọ́ wò ni ọ̀gá ibẹ̀ gbé eegun méjì síwájú rẹ̀. "Èwo ni tàgùntàn, èwo ni tewúrẹ́?"

Ó wojú ọkùnrin náà, bóyá á rí ìdáhùn níbẹ̀.

"Ojú mi kọ́, arábìnrin. Eegun ni kó o wò."

Ó ṣì í. Àmọ́ kí ọdún tó yí po, kò sí eegun ẹran tí wọ́n hú ní ahoro àtijọ́ tí kò lè dárúkọ. Ìfẹ́ ọ̀gá náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ti ọkùnrin náà gan-an tún le jù. "Àyànfẹ́ mi" ló ń pè é bó bá ku àwọn méjì.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, bàbá ọmọbìnrin náà ló fárígá. "Ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé rẹ? Báwo lo ṣe máa bá a jiyàn? Mi ò fọwọ́ sí i."

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ìjà gidi fi dé. Ọ̀gá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àpá ara eegun màlúù kan fi hàn pé ọ̀bẹ ni àwọn ará ìgbàanì fi kun ún. Lọ́la ló máa kà á níwájú àwọn àgbà iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá yẹ eegun náà wò. Ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gé máa ń tín-ín-rín, á sì jinlẹ̀. Èyí rí pẹlẹbẹ, ó tò ní méjì-méjì.

"Ẹ má bínú o. Eyín eku nìyí."

"Ìwọ tí mo kọ́ ní eegun ewúrẹ́ lánàá, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi lónìí?" Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé.

"Mo ṣìnà. Eku ló jẹ eegun yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló rí i."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àgbà kan pòṣé. Ọ̀gá kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi béèrè gbogbo ìbéèrè wọn tán.

Lórí àtẹ̀gùn ni ọ̀gá ti bá ọmọbìnrin náà. "Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọ. Dárí jì mí."

"Ó dùn mí o."

"Mo mọ̀. Mo ti ní kí wọ́n fi ọ́ sábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Ọkọ ni mo fẹ́ jẹ́ fún ọ."

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá lọ sílé bàbá ọmọbìnrin náà, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò sì sá?"

"Mi ò sá, sà."

Bàbá fa àga kan sún mọ́ ọn. "Jókòó. Ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́kún ayọ̀.