Ìgbà Mẹ́jọ Ni Mo Tẹ ‘Rárá’

“Ìrẹ̀mídé, gbà á. Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà.”

Ẹ̀gbọ́n mi, Wùnmí, ju tábúlẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí nọ́ọ̀sì fún un, sí mi lórí itan. Ilé ìwòsàn kan ní Bódìjà ni a wà, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ rẹ̀, Dúpẹ́olúwa, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Wùnmí kò lè jókòó. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ lókè wa.

Nọ́ọ̀sì Adétutù ti ṣàlàyé fún gbogbo àwọn ìyá pé kí kálukú mú ẹ̀rọ náà lọ sí kọ̀rọ̀, kí ó fi íápíìsì sí etí, kí ó sì dáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ìyá yóò sì máa tẹ ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ tàbí ‘Rárá’.

Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, bí fọ́ọ̀mù bá ti dé, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ni wọ́n máa ń gbé e fún. Ìyá ìbejì kan tó ń jẹ́ Shakirah, tó jókòó tì wá, ti gbé tirẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

“Ó ní ṣé mo ń mutí,” Shakirah ní. “Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti rí ìyá ìbejì tó ráyè mu omi gan-an.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wùnmí kò rẹ́rìn-ín.

Mo fi íápíìsì sí etí. Ohùn obìnrin kan, ohùn pẹ̀lẹ́, béèrè nípa ọtí. Mo tẹ ‘Rárá’. Sìgá. Rárá. Igbó. Rárá. Lẹ́yìn náà ó ní: “Láti ìgbà tí ẹ ti bímọ, ǹjẹ́ ẹ ti lo oògùn ìrora ju bí dókítà ṣe ní kí ẹ lò ó lọ?”

Ìka mi dúró.

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Wùnmí. Oògùn ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ kẹfà, ó rán mi lọ sí kẹ́míìsì kan ní Àgbówó pé kí n ra tírámádọ̀ wá, oògùn ìrora tó le gan-an, nítorí ojú ọgbẹ́ ṣì ń dùn ún. Hóró kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n hóró ti di mẹ́fà lójúmọ́. Ìgbà mọ́kànlá ni mo lọ sí kẹ́míìsì yẹn.

Mo yọ íápíìsì. “Àǹtí Wùnmí, ó ń béèrè oògùn o.”

“Tẹ Rárá!” Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni? Ṣé o fẹ́ kí Màámi gbọ́, kí wọ́n wá sọ mí di ẹni àdúrà níwájú gbogbo ìjọ?”

Ìyá ìjọ ni Màámi ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Mo wo ọmọ náà. Mo tẹ ‘Rárá’. Ìbéèrè mẹ́jọ, rárá mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo dé láti ilé ìwé, mo bá Wùnmí tó sùn lọ fọnfọn. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sunkún, kò jí. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó já bọ́ bí aṣọ tútù. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí kan jìnnà sí èkejì. Mo kígbe pe Màámi, a sì jí Wùnmí. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wa padà sí ilé ìwòsàn náà.

“Ṣé ìyá rẹ̀ ń lo oògùn kankan?” dókítà béèrè.

“Rárá o, Dókítà,” Màámi dáhùn. “Kò lo nǹkan kan ju omi àdúrà lọ.”

Nọ́ọ̀sì Adétutù wo inú kọ̀ǹpútà. “Rárá náà ló wà níbí.”

“A jẹ́ pé ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ inú ọpọlọ rẹ̀,” dókítà wí. “A ó fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti gún ọmọ náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí iṣan. Ní báyìí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri, wọ́n ká a kò bí ìgbín. Mo rí abẹ́rẹ́ náà. Wùnmí di ọrùn ọwọ́ mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí.

“Tírámádọ̀ ni,” mo wí. Mo tún un sọ, ó di ariwo: “Hóró mẹ́fà lójúmọ́! Èmi ni mo ń rà á! Èmi ni mo tẹ ‘Rárá’!”

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀. “Inú wàrà ọmú ló gbà wọ ọmọ lára,” ó wí. Wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn. Nígbà tó di aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sunkún.

“O ti tà mí,” Wùnmí wí fún mi.

Màámi gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Nọ́ọ̀sì Adétutù dúró sí àárín wọn. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ wà nílé tí orí ọmọ tuntun fi wọ́. Ẹ̀ṣẹ́ kọ́ la fi ń tún un ṣe.” Nọ́ọ̀sì yíjú sí Wùnmí. “Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ. Ká ní ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ ló wà níbẹ̀, èmi nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ì bá sọ fún, à bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́jọ́ náà.” Wọ́n wò mí. “Ìwọ, ṣé ìwọ lo bímọ ni, tí o fi ń dáhùn ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ?”



Wọn kò ní kí Wùnmí dá oògùn náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń pè é sórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó máa ń gbọ̀n, ó máa ń rìn yí àgbàlá ká títí. Wàrà inú agolo ni ọmọ ń mu. Ìdánwò méjì ni mo pàdánù ní ilé ìwé nítorí mo ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Wùnmí kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ogúnjọ́, ó gbé ọmọ kà mí lẹ́yìn. “Pọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ sùn díẹ̀. Oorun lásán ni o, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.”

Mo rò pé mo ń bo ẹ̀gbọ́n mi láṣìírí ni. Àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ ni mo fi í pamọ́ fún. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹni tí o fẹ́ràn bá ní kí o bá òun bo ewu mọ́lẹ̀, wá àgbàlagbà tó mọ ohun tí yóò ṣe, kí o sọ fún un. Ẹni náà lè bínú sí ọ, ṣùgbọ́n ìbínú a máa rọlẹ̀. Ọmọ tó bá kú kì í padà dìde.