Àlejò Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Òfurufú Kò Balẹ̀

Ẹ̀fúùfù lé ọkọ̀ òfurufú padà sí Ṣílè lọ́jọ́ yẹn, a ò sì retí ẹnikẹ́ni ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní Hanga Roa, ní erékùṣù wa tó dá wà láàárín òkun. Síbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, bàbá kan dúró níwájú tábìlì tí mo ti ń gba àlejò. Kò gbé àpò. Ó ní kí n fún òun ní yàrá tó kọjú sí òkun. Èdè wa ló fi sọ ọ́, àmọ́ bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ tó bá ń bá àwọn òkú sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé ó lúwẹ̀ẹ́ dé ni?" Petero ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkọ Àǹtí Uka, àbúrò ìyá mi, ni. Òun ló ń tún ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ṣe, ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú yàrá.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹṣin tó máa ń jẹko káàkiri fi wá tò sẹ́yìn ọgbà. Wọ́n kọjú sí fèrèsé bàbá náà, wọn ò jẹko mọ́. Àwọn ẹyẹ manutara, tí kì í kúrò ní àwọn erékùṣù kéékèèké ojú òkun, wá bà sórí òrùlé. Wọn ò ké.

Àǹtí Uka gbé aṣọ ìnura lọ fún un. Nígbà tó padà, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja.

"Ilẹ̀ ló jókòó sí," ó rọra sọ. "Ó ní ta ló kó òkúta ilé òun."

Petero bojú wo ògiri ọgbà. Òkúta pẹpẹ àtijọ́ etí òkun, níbi tí àwọn ère òkúta àwọn baba ńlá wa dojú bolẹ̀ sí, ni Petero kó fi mọ ògiri ọgbà. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ló rán an.

"Kí lẹ wá sọ?" mo bi Àǹtí.

"Mo ní mi ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òun á wá ilé mìíràn gbé."

Petero bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Bàbá arúgbó lásán! Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀."

"Má lọ, bàbá Vaihere." Orúkọ ọmọ wọn ni Àǹtí fi bẹ̀ ẹ́.

Ó lọ. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. A ò gbọ́ ohùn kankan.

Nígbà tó jáde, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Àwọn ẹṣin gbójú kúrò lára fèrèsé, wọ́n ń fi ojú tẹ̀lé e. Àǹtí sáré wo yàrá náà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó tì í pa.

"Bàbá náà ńkọ́?" mo bi Petero.

"Ó ti rílé."

Fóònù orí tábìlì dún. Yàrá tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ tì ni wọ́n ti ń pè. Mo gbé e.

"Merahi, èmi ni." Ohùn Petero ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Jọ̀ọ́, ní kí ìyàwó mi wá ṣílẹ̀kùn fún mi."

Petero dúró níwájú mi, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ṣẹ́jú sí Àǹtí, mo forí júwe yàrá náà fún un. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sáré padà. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí lọ́hùn-ún, mo sì gbọ́ ọ nínú fóònù pẹ̀lú.

"Kò sẹ́nì kankan níbí o!" Àǹtí kígbe.

"Ó ti wọlé," ohùn náà wí létí mi. "Iwájú mi gan-an ló dúró sí. Merahi, kí ló dé tí kò wò mí?"